Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bill Shankly àti sáà méje tí ogun gbà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀

Nínú àtẹ̀jáde wa tó kọjá, gbólóhùn kan ṣoṣo ni a kọ nípa Bill Shankly, ọmọ Skọ́tlándì tó sọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Liverpool di ohun tí gbogbo ayé ń pè lórúkọ. A ní Ogun Àgbáyé Kejì dá bọ́ọ̀lù tí òun fúnra rẹ̀ ń gbá dúró nígbà tó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ. Gbólóhùn yẹn kò tẹ́ ọ̀pọ̀ nínú yín lọ́rùn. Àwọn kan kọ̀wé béèrè, àwọn kan jiyàn, ẹnì kan tiẹ̀ bínú sí wa gidi. Mo ti yan díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà, mo sì gé àwọn tó gùn jù kúrú.

Bàbá kan láti Ìlọrin: *Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tí kò sí ohun tó ń wò ju Liverpool lọ ní ẹ purọ́, ó ní akọ́nimọ̀ọ́gbá lásán ni Shankly, pé kò gbá bọ́ọ̀lù kan rí. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì?*

Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ẹ bá wa sọ fún un pé odindi ọdún 17 ni Shankly fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́ kó tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún 1913 ni wọ́n bí i ní Glenbuck, abúlé àwọn awakùsà èédú ní agbègbè Ayrshire. Ọmọ mẹ́wàá ni ìyá rẹ̀ bí, ọkùnrin jẹ́ márùn-ún nínú wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn márààrún tí kò fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́. Abúlé náà kò tóbi rárá, síbẹ̀ nǹkan bí àádọ́ta agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó lórí bọ́ọ̀lù ló ti ibẹ̀ jáde. Ọmọ ọdún 14 ni Shankly nígbà tó kúrò nílé ẹ̀kọ́ tó sì wọ inú iṣẹ́ èédú. Nígbà tó yá wọ́n ti kùsà náà pa, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù nìkan ló sì kù tó lè gbára lé.

Carlisle United, ẹgbẹ́ kan tó wà ní ìhà Ìngíláǹdì níbi tí ilẹ̀ náà ti bá Skọ́tlándì pààlà, ló kọ́kọ́ gbà á ní 1932, nígbà tó sì máa di ọdún 1933 Preston North End ti fi 500 pọ́n-ùn rà á. Àárín pápá lápá ọ̀tún ni ipò rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó bá wà níbẹ̀ láyé ìgbà náà ni kó gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ alátakò, kó sì taari rẹ̀ sí àwọn tó wà níwájú láìfi àkókò ṣòfò. Ní 1937, Preston dé àṣekágbá Ife-ẹ̀yẹ FA ní pápá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, Sunderland sì nà wọ́n ní 3 sí 1. Ọdún kejì ni wọ́n padà síbẹ̀ láti kojú Huddersfield. Kò sí góòlù kankan títí àfikún àsìkò fi ń parí lọ, àfi ìgbà tó di ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn tí rẹfirí fún Preston ní pẹnáritì. George Mutch ló gbá a. Bọ́ọ̀lù náà kọlu abẹ́ ọ̀pá òkè kó tó wọlé, ife sì di ti Preston. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn, ní pápá kan náà, ni Shankly kọ́kọ́ wọ aṣọ Skọ́tlándì, nígbà tí wọ́n fi góòlù kan ṣoṣo borí Ìngíláǹdì. Ọmọ ọdún 24 ni. Ní sáà yẹn kan náà, ipò kẹta ni Preston parí sí nínú líìgì. Ẹni tó bá rí i nígbà náà yóò gbà pé ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án tó dára ṣì kù níwájú rẹ̀.

Olùkọ́ kan láti Òṣogbo: *Ohun tí kò yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni bí ogun ṣe ń dá bọ́ọ̀lù dúró. Ṣé wọ́n ti àwọn pápá pa ni? Kí ni àwọn agbábọ́ọ̀lù wá ń jẹ?*

Ìbéèrè yìí ló dùn mọ́ mi jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 1939, àwọn ọmọ ogun Jámánì ya wọ Pólàǹdì. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, wọ́n ṣì gbá bọ́ọ̀lù líìgì káàkiri Ìngíláǹdì gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ọjọ́ náà gan-an sì ni Shankly pé ọmọ ọdún 26. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ìjọba Bìrìtéènì kéde pé àwọn àti Jámánì ti wà lójú ogun. Kíá ni àṣẹ jáde pé kí wọ́n ti gbogbo ibi tí èrò ti ń pé jọ fún ìgbafẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí ọkọ̀ òfurufú lè wá da bọ́ǹbù lé wọn lórí. Kò tíì sí ẹgbẹ́ kan nínú líìgì Ìngíláǹdì tó gbá ju eré mẹ́ta lọ. Wọ́n pa èsì gbogbo rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò gbá ohunkóhun. Ní Skọ́tlándì, níbi tí sáà ti máa ń yá bẹ̀rẹ̀, eré márùn-ún ni wọ́n ti gbá, ìyẹn náà sì di asán.

Ti oúnjẹ tí ẹ béèrè kò dára láti gbọ́. Ṣáájú ogun, owó tó pọ̀ jù lọ tí òfin gbà kí ẹgbẹ́ kan ní Ìngíláǹdì san fún agbábọ́ọ̀lù jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́jọ lọ́sẹ̀, bó ti wù kó mọ bọ́ọ̀lù tó. Nígbà tí ogun bẹ́, wọ́n dá àdéhùn iṣẹ́ gbogbo wọn dúró, owó ọ̀sẹ̀ sì pin níbẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìjọba rí i pé ìlú tí wọ́n ń dẹ́rù bà lójoojúmọ́ nílò ohun tí yóò mú ọkàn àwọn ènìyàn fúyẹ́, wọ́n sì yọ̀ǹda kí bọ́ọ̀lù tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dín iye òǹwòran kù, wọ́n sì pín àwọn ẹgbẹ́ sí agbègbè kí ẹnikẹ́ni má baà rìnrìn àjò jìnnà. Ní báyìí, eré tí ènìyàn bá gbá nìkan ló ń gbowó lé lórí, ṣílè 30 sì ni, ìyẹn pọ́n-ùn kan àti ààbọ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń dùn tàbí tí ọ̀gá ológun kò bá jẹ́ kó jáde ní bárékè kò ní rí kọ́bọ̀.

Shankly wọ iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú tí wọ́n ń pè ní RAF. Láti ibùdó kan ni wọ́n ti ń gbé e lọ sí òmíràn. Ó gbé ní Padgate, ó gbé ní St Athan ní ilẹ̀ Wales, ó gbé ní Henlow, nígbà tó sì yá wọ́n gbé e lọ sí Bishopbriggs nítòsí Glasgow. Òfin ìgbà ogun gbà kí ẹgbẹ́ èyíkéyìí yá agbábọ́ọ̀lù tó bá wà nítòsí wọn lò gẹ́gẹ́ bí àlejò, ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí orúkọ rẹ̀ nínú eré Norwich, Luton, Arsenal àti Partick Thistle láàárín ọdún wọ̀nyí. Ètò náà ní ẹ̀rín tirẹ̀. Lọ́jọ́ Kérésìmesì 1940, ẹgbẹ́ Brighton dé Norwich pẹ̀lú agbábọ́ọ̀lù márùn-ún péré. Wọ́n yá ọmọ Norwich díẹ̀, wọ́n sì pe àwọn sójà láti àárín òǹwòran kí wọ́n lè pé mọ́kànlá, ni Norwich bá nà wọ́n ní 18 sí 0.

Kì í ṣe pé gbogbo eré ìgbà náà jẹ́ yẹ̀yẹ́ o. Wọ́n fi ìdíje kan rọ́pò Ife-ẹ̀yẹ FA, wọ́n ń pè é ní Ife-ẹ̀yẹ Ìgbà Ogun, Preston sì bá Arsenal dé àṣekágbá rẹ̀ ní Wembley lọ́jọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún 1941. Òǹwòran tó wá tó 60,000. Kò pẹ́ tí eré bẹ̀rẹ̀ ni Arsenal rí pẹnáritì, Leslie Compton sì gbá a mọ́ òpó. Shankly wà ní ipò rẹ̀ lápá ọ̀tún, iwájú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ pápá sì ni ọmọ ọdún 19 kan tó ń jẹ́ Tom Finney, tí líìgì gidi kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀mì ni wọ́n gbá, 1 sí 1. Ní òru ọjọ́ yẹn kan náà, àwọn ọkọ̀ òfurufú Jámánì da bọ́ǹbù lu Lọ́ńdọ̀nù lọ́nà tó burú jù lọ nínú gbogbo ogun náà, ó sì lé ní 1,400 ènìyàn tó kú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n tún eré náà gbá ní Blackburn, Robert Beattie gbá góòlù méjì wọlé, Preston sì fi 2 sí 1 gba ife. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín pé àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ní Wembley ṣe é níṣojú ewu kan náà tó pa àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù lóru.

Arábìnrin kan láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù: *Ibì kan ni mo ti kà pé ìgbà márùn-ún ni Shankly gbá bọ́ọ̀lù fún Skọ́tlándì, ibòmíràn ní 12 ni. Èwo ni kí n mú?*

Ẹ mú méjèèjì. Márùn-ún ni ìwé àkọsílẹ̀ gbà, láti oṣù Kẹrin 1938 sí oṣù Kẹrin 1939: ẹ̀ẹ̀mejì pẹ̀lú Ìngíláǹdì, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú Northern Ireland, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú Wales, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú Hungary. Méje yòókù jẹ́ ti ìgbà ogun. Wọ́n ń gbá eré ìgbà ogun láti fi kó owó jọ fún ìrànlọ́wọ́ àti láti fi dá àwọn ará ìlú lára yá, nígbà tí ogun sì parí, àwọn aláṣẹ kò kà wọ́n mọ́ eré orílẹ̀-èdè.

Ní tèmi, ìṣirò yìí kò tọ́ sí àwọn tó gbá wọn. Lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹrin 1942, ní Hampden Park ní Glasgow, Skọ́tlándì àti Ìngíláǹdì gbá eré kan tó parí sí 5 sí 4. Jock Dodds gbá mẹ́ta wọlé fún Skọ́tlándì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Billy Liddell gbá ọ̀kan nígbà tó kọ́kọ́ wọ aṣọ orílẹ̀-èdè rẹ̀, Shankly náà sì gbá ọ̀kan. Pápá kún, orin orílẹ̀-èdè dún, àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù náà làágùn, bí ẹ bá sì ṣí ìwé àkọsílẹ̀ lónìí, ẹ ó rí i pé Shankly kò gbá góòlù kankan wọlé rí fún Skọ́tlándì.

Ẹnì kan láti Abẹ́òkúta, tó ní kí a má dárúkọ òun: *Bàbá mi àgbà lọ sí Bọ́mà nígbà Ogun Hítílà, kò sì sẹ́ni tó fi bọ́ọ̀lù sí i lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin wá jókòó ẹ ń ṣàánú ọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù kiri nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kú. Ṣé ẹ rò ó dáadáa?*

Ìbínú yín tọ́, n kò sì ní jiyàn pé ìyà Shankly tó ìyà àwọn tó lọ sí Bọ́mà. Bìrìtéènì ló gbé títí ogun fi parí. Ó ń ṣe iṣẹ́ ológun rẹ̀, ó ń ja ẹ̀ṣẹ́ fún ìdíje àwọn ọmọ ogun, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí wọ́n bá yọ̀ǹda fún un. Níbi iṣẹ́ ológun yìí náà ló ti pàdé Agnes Fisher, obìnrin tó wà ní ẹ̀ka àwọn obìnrin ológun òfurufú, tí wọ́n sì fẹ́ ara wọn ní 1944. Ohun tí a kọ ni pé ogun dá bọ́ọ̀lù rẹ̀ dúró. A kò kọ ọ́ pé ogun pa á lára.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé àwọn agbábọ́ọ̀lù Skọ́tlándì fi pápá ṣe ibi ìsápamọ́sí. Ẹ wo ogun tó ṣáájú, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Nígbà yẹn kò tíì sí òfin tó ń fi tipátipá mú ènìyàn wọṣẹ́ ológun, líìgì sì ń bá iṣẹ́ lọ, àwọn ènìyàn sì ń bú àwọn agbábọ́ọ̀lù pé ojo ni wọ́n. Hearts, ẹgbẹ́ kan ní Edinburgh, ló ń léwájú nínú líìgì Skọ́tlándì. Eré mẹ́jọ tí wọ́n kọ́kọ́ gbá ní sáà náà, wọ́n borí ní gbogbo rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1914, àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn wọṣẹ́ ológun pa pọ̀, nínú ọ̀wọ́ tí Sir George McCrae kó jọ. Wọ́n ń fi ọ̀sán àti òru kọ́ iṣẹ́ ológun, wọ́n sì ń jáde gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀. Celtic ló fi àmì mẹ́rin gba ife líìgì mọ́ wọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Keje 1916, ọjọ́ àkọ́kọ́ ìjà Somme ní Faransé, mẹ́ta nínú wọn kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo: Duncan Currie, Ernest Ellis àti Harry Wattie. Méje ni agbábọ́ọ̀lù Hearts tí ogun náà mú lọ. Ọ̀wọ̀n ìrántí wọn wà ní Haymarket ní Edinburgh láti 1922.

Nígbà tó fi máa di 1939, ìjọba kò dúró kí ẹnikẹ́ni bú ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe òfin tó kan gbogbo ọkùnrin láti ọmọ ọdún 18 títí dé 41. Agbábọ́ọ̀lù kò yàtọ̀ sí akọ̀wé tàbí kápẹ́ńtà lábẹ́ òfin náà. Ibi tí wọ́n bá gbé ọ lọ ni wàá lọ. Tom Finney tí mo dárúkọ lókè wakọ̀ ogun onírin ní Íjíbítì àti Ítálì, ó sì di ọmọ ọdún 24 kó tó gbá eré líìgì àkọ́kọ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Yábà ní Èkó: *Ẹ fún wa ní iye pàtó. Kí ni ogun gbà lọ́wọ́ Shankly?*

Ìṣirò kan wà tí ẹ lè ṣe fúnra yín. Preston wà ní ìpele àkọ́kọ́ líìgì Ìngíláǹdì nígbà tí ogun bẹ́. Ẹgbẹ́ 22 ló wà ní ìpele náà, eré 42 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń gbá ní sáà kan. Sáà méje ni líìgì gidi kò fi wáyé títí dé òpin, láti 1939 sí 1946. Ìlọ́po méje 42 jẹ́ 294. Iye eré líìgì tí wọ́n kà fún Shankly ní Preston, ṣáájú ogun àti lẹ́yìn rẹ̀ lápapọ̀, jẹ́ 297. Kò sí ẹni tí í gbá gbogbo eré tán láìṣàìsàn láìfarapa, nítorí náà ẹ yọ díẹ̀ kúrò bí ẹ bá fẹ́. Síbẹ̀ ohun tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tó gbá ní gbogbo ayé rẹ̀ níbẹ̀.

Ìṣirò lásán kò sọ ọ́ tán, nítorí ọdún kan nínú ayé agbábọ́ọ̀lù kì í bá òmíràn dọ́gba. Ẹ padà sí eré Hampden ọdún 1942 tí mo sọ fún arábìnrin wa ti Peckham. Ọkùnrin mẹ́ta wà nínú ikọ̀ Skọ́tlándì lọ́jọ́ yẹn tí ogun mú ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Billy Liddell jẹ́ ọmọ ọdún 20. Ó ti wà ní Liverpool láti 1938, ọmọ awakùsà bíi ti Shankly, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ òfurufú RAF. Ìbẹ̀rẹ̀ ni ogun gbà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí oṣù Kìíní 1946 ló tó gbá eré àkọ́kọ́ tí ìwé kà fún un ní Liverpool. Ó ṣì rí àyè gbá 534 eré fún wọn, ó sì gbá góòlù 228 wọlé. Matt Busby, ẹni tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá ńlá ní Manchester United lẹ́yìn náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún 33. Òun náà wà lábẹ́ Liverpool. Ìparí ni ogun gbà lọ́wọ́ tirẹ̀, kò sì tún gbá eré líìgì kankan mọ́ lẹ́yìn ogun, ṣùgbọ́n ó ti gba Ife-ẹ̀yẹ FA pẹ̀lú Manchester City ní 1934, ó ti jẹ èyí tó dùn jù nínú oúnjẹ náà.

Shankly ló wà láàárín wọn, ọmọ ọdún 28. Àárín gan-an ni wọ́n ti bù nínú tirẹ̀. Láti 26 títí dé 32 ni ọdún tí irú agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, tí ojú inú àti agídí rẹ̀ ju eré sísá lọ, máa ń dára jù. Nígbà tí líìgì padà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ 1946, ọjọ́ méjì péré ló kù kó pé 33. Orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́ rí nígbà tó ń gbá fún Partick Thistle, ẹgbẹ́ náà ló sì san owó iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un. Lẹ́yìn tó gbádùn, ó bá wọn gba Ife-ẹ̀yẹ Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn ní 1945. Ó padà sí Preston, ó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn fún ọdún méjì àti ààbọ̀ sí i, Skọ́tlándì kò sì tún pè é mọ́. Bí ẹ bá bi mí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé ta ni ogun rẹ́ jẹ jù lọ ní orí pápá, Shankly ni n ó mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé àwọn olólùfẹ́ Liddell ní Liverpool kò ní gbà fún mi.

Ìyáàfin kan láti Adó-Èkìtì: *Ọkọ mi ní omi ló dànù, agbè ò fọ́, pé bí kì í bá ṣe ogun, Shankly ì bá má di akọ́nimọ̀ọ́gbá ńlá. Ṣé òótọ́ ni?*

Ẹ kí ọ̀gá fún wa. Ó jọ òótọ́, ṣùgbọ́n Busby ni ọ̀rọ̀ yẹn bá mu jù. Ológun ni Busby ti kọ́ bí wọ́n ti ń darí ènìyàn. Ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn sójà ní eré ìmárale ló wà, ó kó ikọ̀ bọ́ọ̀lù ológun lọ sí Ítálì ní 1945, ibẹ̀ náà ló sì ti gbọ́ tí agbábọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Jimmy Murphy ń bá àwọn sójà sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù, tó sì ní kó wá bá òun ṣiṣẹ́ ní Manchester United. Ní oṣù Kẹwàá 1945, tààrà láti inú iṣẹ́ ológun, Busby wọ ọ́fíìsì olùdarí.

Ti Shankly kò rí bẹ́ẹ̀. Ogun kò gbé e sí ipò olùdarí kankan. Nígbà tó fi Preston sílẹ̀ ní oṣù Kẹta 1949, Carlisle tó ti bẹ̀rẹ̀ ló padà sí, ẹgbẹ́ kékeré tí owó kò sí lọ́wọ́ wọn. Ó kọjá sí Grimsby, ó lọ sí Workington, ó lọ sí Huddersfield, ó sì lo ọdún mẹ́wàá àti oṣù díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà kí Liverpool tó pè é ní oṣù Kejìlá 1959, nígbà tí àwọn fúnra wọn wà ní ìpele kejì. Ẹni tí ogun bá kọ́ ní iṣẹ́ olùdarí kì í rìn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó dé. Lójú tèmi, Glenbuck ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ yẹn: ilé tí ọkùnrin márùn-ún ti ń jiyàn bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́, àti kùsà níbi tí ẹ̀mí ẹnì kan ti wà lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Bob, tí òun náà ti ilé kan náà jáde, mú Dundee gba líìgì Skọ́tlándì ní 1962, ọdún méjì kí Bill tó mú Liverpool gba ti Ìngíláǹdì. Ibi tí mo ti lè gbà fún ọkọ yín díẹ̀ ni ti ìkánjú. Ọkùnrin tó padà dé ní 1946 mọ̀ pé àkókò òun lórí pápá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò sì dúró kí ẹsẹ̀ òun kọ̀ kó tó wá iṣẹ́ mìíràn. Ọmọ ọdún 35 ni nígbà tó gba iṣẹ́ Carlisle, ó sì gbà á nígbà tí sáà ṣì ń lọ lọ́wọ́, tí Preston ṣì ń fẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Preston kò parí sáà náà dáadáa. Ìpele kejì ni wọ́n já sí, àwọn kan níbẹ̀ sì pẹ́ kí wọ́n tó dárí jì í.